Oògùn tó ń mú bàbá yàgbẹ́ ni kò ní jẹ́ kí orí wọn dàrú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Nọ́ọ̀sì. Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta níbí, ni mo ti ń ta àdìrẹ, ẹni ọdún 34 ni mí, ọmọ méjì ni mo bí. Bàbá mi jẹ́ ẹni ọdún 64, awakọ̀ ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n lò ní ọsibítù nítorí pé ikùn wọn wú, ojú wọn sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Dókítà ní ẹ̀dọ̀ wọn ti le, pé hepatitis B ló fà á. Oògùn márùn-ún la gbé bọ̀ wálé: tenofovir, spironolactone 100, Lasix 40, propranolol, àti lactulose, èyí tó jẹ́ olómi dídùn. Lactulose yìí ń mú wọn yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ìgbẹ́ gbuuru ni, àti pé adùn inú rẹ̀ máa dá jẹ̀díjẹ̀dí sí wọn lára, la bá dá a dúró. Ó pé ọjọ́ márùn-ún lónìí. Láti ìjẹta, bàbá ń sùn lọ́sàn-án, wọn kì í sùn lóru mọ́. Lánàá, wọ́n bu iyọ̀ sí tíì, wọ́n tọ̀ sí kọ̀rọ̀ yàrá, orúkọ màmá mi tó ti kú ni wọ́n sì fi ń pè mí. Àbúrò bàbá mi ní ká gbé wọn lọ sí Àró, ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ. Àǹtí wa kan ti ra àgbo wá. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, kó o tó ka ìyókù, ẹ gbé bàbá lọ sí ọsibítù lónìí. Ẹ má dúró de ọ̀la, ẹ má dúró de ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ibi tí wọ́n ti tọ́jú wọn tẹ́lẹ̀ ló dáa jù, torí pé fáìlì wọn wà níbẹ̀. Bí ibẹ̀ bá jìn, ẹ kọjú sí ẹ̀ka pàjáwìrì ní Federal Medical Centre ní Ìdí-Àbà, tàbí ọsibítù ìjọba ìpínlẹ̀ ní Ìjàyè. Ohun tó o máa kọ́kọ́ sọ lẹ́nu ọ̀nà nìyí: "Ẹ̀dọ̀ wọn ti le, ọjọ́ márùn-ún rèé tí wọn ò lo lactulose, orí wọn ti ń dàrú." Nọ́ọ̀sì tó bá gbọ́ gbólóhùn yẹn máa mọ ohun tó ń wò. Kó gbogbo oògùn wọn sínú ọ̀rá kan, kó o mú ìgò àgbo náà dání, bóyá wọ́n ti mu nínú rẹ̀ tàbí wọn ò tíì mu.

Tí wọ́n bá lajú dáadáa, tí wọ́n lè jókòó, tí wọ́n sì ń gbé omi mì láìsọ́ wọn lọ́fun, fún wọn ní ìwọ̀n lactulose tí dókítà kọ kẹ́ ẹ tó jáde nílé. Àmọ́ tí oorun bá ti ń kùn wọ́n débi pé ó di ìgbà tẹ́ ẹ bá mì wọ́n jìgìjìgì kí wọ́n tó dáhùn, ẹ má fi ohunkóhun sí wọn lẹ́nu, kódà omi. Inú ẹ̀dọ̀fóró ló máa gbà lọ. Ẹ má tíì fún wọn ní Lasix àti spironolactone lónìí títí dókítà fi máa rí wọn, torí pé oògùn tó ń fa omi jáde lára lè wà lára ohun tó dá èyí sílẹ̀. Ẹ má sì tìtorí pé wọn ò sùn lóru fún wọn ní oògùn oorun. Màá padà sórí ìyẹn.

Ní ti Àró, mo mọ ìdí tí ọkàn àbúrò bàbá rẹ fi lọ síbẹ̀. Àwa tá a dàgbà nílùú yìí, bí ẹnì kan bá ti ń sọ̀rọ̀ ségesège, Àró ló máa ń wá sí wa lẹ́nu. Ilé ìwòsàn tó ní iyì ni, láti 1954 tí Dókítà Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ni ayé ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe bàbá yìí kì í ṣe wèrè, kì í ṣe arán ọjọ́ ogbó, kì í sì í ṣe pé ẹnì kan ṣe wọ́n. Inú ìfun ló ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀dọ̀ ni kò rí i mú, ó wá gun orí lọ.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Oúnjẹ tá a jẹ, pàápàá ẹran, ẹja àti ẹ̀wà, tó bá dénú ìfun ńlá, àwọn kòkòrò tó ń gbé ibẹ̀ máa ń sọ apá kan rẹ̀ di oríṣi èròjà kan tí wọ́n ń pè ní amóníà. Májèlé ni fún ọpọlọ. Lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá kan máa gbé e láti inú ìfun lọ tààrà sínú ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á sọ ọ́ di nǹkan tí kíndìnrín lè tọ̀ dànù. Ẹ̀dọ̀ bàbá ti le bí ẹran tí oòrùn gbẹ. Ẹ̀jẹ̀ kò ráyè gba inú rẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ, èyí tó sì gba ibẹ̀ kọjá, ẹ̀dọ̀ kò lágbára láti fọ̀ ọ́ mọ́. Amóníà náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀, á sì dé ọpọlọ. Ohun tó máa kọ́kọ́ yí padà ni oorun: ọ̀sán á di òru, òru á di ọ̀sán. Lẹ́yìn náà ni ìgbàgbé, ìbínú tí kò nídìí, kí ènìyàn fi nǹkan sí ibi tí kò yẹ. Iyọ̀ tí bàbá bù sí tíì, ara rẹ̀ nìyẹn. Tí wọn ò bá tètè mójú tó o, oorun ló máa gbé wọn lọ pátápátá, oorun tí a ò lè jí wọn nínú rẹ̀.

Kó o tó gbé wọn jáde, ṣe nǹkan kan fún mi. Ní kí wọ́n na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kí wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, kí wọ́n wá gbé ìka sókè bí ìgbà tí ọlọ́pàá dá mọ́tò dúró. Ka ọgbọ̀n. Tí ọwọ́ náà bá ń já wálẹ̀ tó ń padà gbéra, tó ń já tó ń gbéra bí ìyẹ́ ẹyẹ tí òjò pa, àmì amóníà nìyẹn. Kì í ṣe gbígbọ̀n ọwọ́ àgbàlagbà lásán. Súnmọ́ wọn kó o gbóòórùn èémí ẹnu wọn pẹ̀lú. Òórùn dídùn kan tó tún dà bíi pé nǹkan bu máa ń wà níbẹ̀. Sọ ohun tó o rí fún dókítà.

Mi ò bá ẹ̀gbọ́n rẹ wí, torí pé ohun tó ṣe yẹn, èmi náà ti ṣe é rí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di nọ́ọ̀sì nígbà náà, ní ọsibítù kan tí mi ò ní dárúkọ. Bàbá kan wà ní bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́bàá fèrèsé, àìsàn kan náà. Nígbà tí mo gba iṣẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo rí i nínú ìwé pé wọ́n ti yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Mo kọ "ìgbẹ́ gbuuru" síbẹ̀, mo sì dá lactulose dúró láìbi ẹnikẹ́ni. Àwọn tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi náà ka ohun tí mo kọ, àwọn náà ò fún wọn. Nígbà tí mo padà dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ojú bàbá náà là, ṣùgbọ́n wọn ò mọ̀ mí, wọn ò mọ ìyàwó wọn. Nígbà tó máa di ọ̀sán, a pè wọ́n títí, wọn ò jẹ́. Ìdí la ti fún wọn ní oògùn yẹn, 300 mìlílítà lactulose tá a pò mọ́ 700 mìlílítà omi, léraléra, fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n béèrè ògì. Ìyàwó wọn sunkún, mo lọ sunkún tèmi ní ẹ̀yìn wọ́ọ̀dù. Láti ìgbà yẹn, kò sí aláàrẹ̀ ẹ̀dọ̀ tó kọjá lọ́wọ́ mi tí mi ò jókòó ti ẹbí rẹ̀ láti ṣàlàyé nǹkan kan ṣoṣo yìí: ìgbẹ́ yíyà yẹn gan-an ni iṣẹ́ oògùn náà.

Lactulose dùn lóòótọ́, ẹ̀yà ṣúgà kan ni. Ṣùgbọ́n ara ènìyàn kò ní ohun tó lè fi ya á sí wẹ́wẹ́, nítorí náà kì í wọnú ẹ̀jẹ̀ tó nǹkan. Bó ṣe wọlé ló ṣe ń dé ìfun ńlá. Ibẹ̀ ni àwọn kòkòrò inú ìfun ti máa jẹ ẹ́, tí wọ́n á sì sọ ọ́ di nǹkan kíkan, bí omídùn ṣe ń kan. Kíkan yẹn ló ń ti amóníà mọ́ inú ìfun. Ó ń yí i padà sí oríṣi tí kò lè la ara ìfun kọjá padà sínú ẹ̀jẹ̀. Omi tí lactulose fà sínú ìfun á wá fọ gbogbo rẹ̀ jáde. Tó o bá wá dí ojú ọ̀nà yẹn fún ọjọ́ márùn-ún, ibo ni májèlé náà fẹ́ gbà?

Jẹ̀díjẹ̀dí tí ẹ̀gbọ́n rẹ ń bẹ̀rù, èmi náà mọ̀ pé bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn, pé adùn ló ń fà á. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú ní ojú ihò ìdí ni, ohun tó sì sábà máa ń fà á ni kí ènìyàn máa fi ipá ya ìgbẹ́ líle. Lactulose ń mú ìgbẹ́ rọ̀, nítorí náà ó ń gbà wọ́n lọ́wọ́ ìyẹn ni. Àmọ́ tí o bá rí ẹ̀jẹ̀ pupa nínú ìgbẹ́ bàbá, má pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí kó o lọ ra àgbo. Ẹ̀dọ̀ tó le máa ń ti ẹ̀jẹ̀ sẹ́yìn, iṣan tó wà nídìí náà sì lè wú nítorí rẹ̀. Dókítà ló gbọ́dọ̀ wò ó.

Ìgbẹ́ mélòó ló tó? Méjì sí mẹ́ta lójúmọ́, tó rọ̀ bí ògì líle, kì í ṣe omi pọ́ńbélé. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tí ẹ kà sí ìgbẹ́ gbuuru yẹn, ibi tí dókítà ń fẹ́ gan-an ni. Tí wọn ò bá yà rárá tàbí tí wọ́n yà lẹ́ẹ̀kan, a jẹ́ pé ìwọ̀n náà kéré, ẹ pe ọsibítù kí wọ́n sọ bí ẹ ṣe máa fi kún un. Tó bá ti kọjá mẹ́rin tó sì di omi, ẹ dín in kù, ẹ má dá a dúró, kẹ́ ẹ sì pè wọ́n lọ́jọ́ kan náà, torí pé omi tó bá pọ̀ jù lọ lára máa ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì tún lè da orí rú lọ́tọ̀. Ife oògùn kékeré tó bá ìgò wá ni kó o fi wọ̀n ọ́n, má fi ojú díwọ̀n, má fi ṣíbí ọbẹ̀. Tí adùn rẹ̀ bá ń rí wọn lára, pò ó mọ́ omi tútù. Inú wọn lè máa kùn, kó máa gáàsì ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ó máa ń rọlẹ̀.

Mo mọ̀ pé ìtìjú wà níbẹ̀, bó ò tiẹ̀ kọ ọ́. Ọkùnrin tó ti wa ọkọ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, tó wá di pé ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń béèrè iye ìgbà tó ṣu. Ọ̀pọ̀ bàbá ló ń da oògùn yìí sẹ́yìn ilé nítorí ìyẹn, tí wọ́n á ní àwọn ti mu ún. Ra póò tó ní ìdérí, gbé e sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì wọn, kí wọ́n má máa sáré lọ ṣáláńgá lóru. Ta aṣọ àdìrẹ kan sí iwájú rẹ̀ bíi kọ́tìnì, o kúkú ní àdìrẹ. Fún wọn ní ìwé kékeré àti bírò, kí àwọn fúnra wọn máa fa igi kan fún ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Igi tí wọ́n fà lo máa wò, o ò ní béèrè. Mo ti rí i tó ṣiṣẹ́ fún àwọn tó le ju bàbá rẹ lọ.

Lactulose tí ẹ dá dúró lè nìkan fa gbogbo èyí, ṣùgbọ́n dókítà máa wá nǹkan mìíràn pẹ̀lú. Ó lè fi abẹ́rẹ́ fa omi díẹ̀ nínú ikùn wọn láti wò bóyá kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀, ẹ má sì kọ̀. Omi inú ikùn, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní ògùdùgbẹ̀, máa ń bàjẹ́ nígbà mìíràn láìjẹ́ pé ibà gbóná tó bẹ́ẹ̀, orí tó dàrú sì lè jẹ́ àmì kan ṣoṣo tó máa kọ́kọ́ hàn. Wọ́n á tún béèrè àwọ̀ ìgbẹ́. Tó bá dúdú kirikiri, tó ń dán, tó lẹ̀ bí ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì, tó sì ń rùn ju ti tẹ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló ti sun sínú ikùn. Ẹ̀jẹ̀ inú ikùn tún jẹ́ oúnjẹ fún àwọn kòkòrò tó ń ṣe amóníà, ìdí nìyẹn tí orí fi máa ń dàrú lẹ́yìn rẹ̀. Bí bàbá bá bì ẹ̀jẹ̀, ní ọjọ́kọ́jọ́, ní wákàtíkíwákàtí, ẹ má wá ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni, mọ́tò ni kẹ́ ẹ wá.

Ẹ̀jẹ̀ yẹn ni propranolol wà fún. Àwọn ènìyàn mọ̀ ọ́n sí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n á wá ní "bàbá ò ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ló dé tí wọ́n ń lò ó?" Ẹ̀jẹ̀ tí kò rí ọ̀nà gba inú ẹ̀dọ̀ ń wá ọ̀nà àbùjá, ó ń wú àwọn iṣan tó wà nísàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun, wọ́n sì lè bẹ́. Propranolol ń dín agbára tó ń tì wọ́n kù. Ó ń mú ọkàn lù jẹ́jẹ́, nítorí náà kọ́ bí a ṣe ń ka ìlù ọwọ́: ìka méjì sí ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò, ìṣẹ́jú kan gbáko. Márùn-dín-lọ́gọ́ta sí ọgọ́ta ni dókítà sábà máa ń fẹ́. Tó bá lọ sísàlẹ̀ àádọ́ta, tàbí tí òòyì ń kọ́ wọn bí wọ́n bá dìde, ẹ pe ọsibítù kẹ́ ẹ tó fún wọn ní èyí tó kàn. Ẹ má ṣàdédé dá a dúró fúnra yín. Bí wọ́n bá sì ti ní ikọ́ fée rí, kí dókítà mọ̀.

Spironolactone àti Lasix ń ṣiṣẹ́ pọ̀ bí ẹṣin méjì tó ń fa kẹ̀kẹ́ kan. Ìdí tí wọ́n fi kọ 100 àti 40 papọ̀ ni pé Lasix ń tọ èròjà pòtásíọ̀mù dànù, spironolactone sì ń dá a dúró, wọ́n wá dọ́gba. Nítorí náà, tí ọ̀kan bá tán, ẹ má máa lo ìkejì nìkan fún ọ̀sẹ̀ méjì torí owó. Òwúrọ̀ ni kẹ́ ẹ fún wọn, kí ìtọ̀ má baà gba oorun wọn. Tí ọmú bàbá bá ń dun wọ́n tó ń wú, spironolactone ló ń ṣe é, kì í ṣe àìsàn tuntun. Ẹ sọ fún dókítà, kí wọ́n má dákẹ́ nítorí ojú ń tì wọ́n.

Yá òṣùwọ̀n ìwúwo ara tàbí kó o rà á. Lójoojúmọ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá tọ̀ ní àárọ̀, kí wọ́n tó jẹun, pẹ̀lú aṣọ fẹ́lẹ́ kan náà. Bí ẹsẹ̀ wọn kò bá wú mọ́, kò yẹ kí wọ́n fi ju ààbọ̀ kílò lọ fúyẹ́ lóòjọ́, bí ẹsẹ̀ bá ṣì wú, wọ́n lè fi tó kílò kan. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, omi ń lọ jù. Tí wọ́n bá wúwo sí i fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, omi ń padà. Tó o bá ń wọn ikùn wọn pẹ̀lú, fi bírò fàlà kékeré méjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní déédéé ìdodo, kí téèpù aránṣọ máa gba orí àlà yẹn kọjá ní gbogbo ìgbà. Bí téèpù bá ń gun òkè lónìí tó ń bọ́ sísàlẹ̀ lọ́la, ohun tó o kọ sílẹ̀ kò ní wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Iyọ̀ ló ń fa omi dúró sí ara. Ṣíbí tíì kan péré ni gbogbo iyọ̀ tó yẹ kó wọ inú bàbá láti àárọ̀ títí alẹ́, tó fi mọ́ èyí tó wà nínú Maggi, nínú búrẹ́dì, nínú Indomie, nínú irú tí wọ́n fi iyọ̀ pa. Ọbẹ̀ ilé ló sábà máa ń tàn wá jẹ. A ó ní a kò fi iyọ̀ sí i, ṣùgbọ́n Maggi mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Bu ọbẹ̀ ti bàbá sọ́tọ̀ kó o tó fi Maggi sí ti àwọn ọmọ. Ata, àlùbọ́sà, ata ilẹ̀, efinrin, wọ́n á gbé e dìde. Ẹ má ra iyọ̀ tí wọ́n ń polówó pé kò ní sódíọ̀mù: pòtásíọ̀mù ló kún inú rẹ̀, òun àti spironolactone kò sì bára dọ́rẹ̀ẹ́, ó lè dá ọkàn dúró.

Andrews Liver Salt wá ńkọ́? Mo ti rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí aláàrẹ̀ ẹ̀dọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí orúkọ rẹ̀. Kò sí ohun tó ń ṣe fún ẹ̀dọ̀. Sódíọ̀mù wà nínú rẹ̀, ìyẹn ohun kan náà tó wà nínú iyọ̀ tá à ń sá fún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ oògùn tó ń hó yaya tí wọ́n bá jù ú sómi. Bí àyà bá ń ta bàbá, ẹ bi dókítà. Omeprazole tí àwọn kẹ́mísìtì ń tà bí ẹ̀pà kì í ṣe ohun tí ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ le ń lò lọ títí láìnídìí, ó ń ṣílẹ̀kùn fún kòkòrò.

Ní ti ara ríro, wo àpò bàbá. Awakọ̀ Abẹ́òkúta tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó ṣòro kí Alábùkún má sí níbẹ̀. Oògùn ìlú wa ni, ibí yìí ni Jacob Odulate ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1918, ó sì ti wúlò fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àmọ́ aspirin wà nínú rẹ̀, aspirin sì ń mú iṣan tó wú nínú ọ̀fun bàbá súnmọ́ bíbẹ́, ó tún ń dá kíndìnrín lágara. Ìdí kan náà ni kí wọ́n má fi fọwọ́ kan ibuprofen, diclofenac àti Feldene. Ohun tó máa yà ẹ́ lẹ́nu ni pé paracetamol ló bá wọn mu jù, tí kò bá ti kọjá hóró mẹ́rin tó jẹ́ 500 láàárín wákàtí 24, ẹ má sì jẹ́ kó di ti ojoojúmọ́ láìbi dókítà. Valium àti Lexotan tí wọ́n fi ń sùn, tramadol àti codeine tí wọ́n fi ń pa ìrora, ẹ kó wọn jáde nílé. Ẹ̀dọ̀ tó ti rẹ̀ kì í lè mú wọn kúrò lára, hóró kan tí àwa máa fi sùn mọ́jú lè mú bàbá sùn di ọ̀tunla.

Àǹtí yín tó ra àgbo, ìfẹ́ ló fi rà á, má bá wọn jà. Sọ fún wọn pé ohunkóhun tí bàbá bá gbé mì, ẹ̀dọ̀ yẹn náà ló máa se é, a ò sì mọ ewé mélòó àti egbò mélòó ló wà nínú ìgò yẹn, tàbí bóyá ògógóró ni wọ́n fi rẹ ẹ́. Ọtí ti parí fún bàbá, ìbáà jẹ́ ẹmu ààbọ̀ ife. Tí wọ́n bá ti mu àgbo náà, ẹ má fi pamọ́ fún dókítà nítorí pé ẹ ń bẹ̀rù kó pariwo mọ́ yín. Kó pariwo, ṣùgbọ́n kó mọ̀.

Tí wọ́n bá padà wálé, àwọn kan máa sọ fún ẹ pé kó o gba ẹran, ẹyin àti ẹ̀wà lẹ́nu wọn, nígbà tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni amóníà ti ń wá. Àwa náà kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ nílé ìwé nọ́ọ̀sì nígbà kan. A ti wá mọ̀ pé ó ń pa wọ́n lára, torí pé iṣan ara fúnra rẹ̀ ń bá ẹ̀dọ̀ fọ amóníà, tí ebi bá wá jẹ iṣan tán, kò sí olùrànlọ́wọ́ mọ́. Ẹni tó wúwo tó 60 kílò nílò nǹkan bíi gíráàmù 72 sí 90 amáradàgbà lóòjọ́. Ẹyin kan kì í fúnni ju nǹkan bíi mẹ́fà lọ, nítorí náà, láfún àti ewédú nìkan kò tó, bó ti wù kó jẹ́ oúnjẹ Ẹ̀gbá tó. Mọ́ínmọ́ín, ẹ̀wà, ẹja tútù, wàrà, ẹyin, kí wọ́n máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà. Èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ ni ti aago mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá alẹ́. Ẹ̀dọ̀ wọn kò lè tọ́jú oúnjẹ pamọ́ di àárọ̀ mọ́, tí wọ́n bá fi aago méje jẹun kẹ́yìn, títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹran ara wọn ni ara wọn á máa jẹ. Ògì tí wàrà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín kékeré kan ti tó. Ẹ̀pà tàbí àgbàdo tó bá ti bu, ẹ dà á nù, ẹ má fọ̀ ọ́ jẹ. Èbu tó hù sí i ń ṣe májèlé tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀.

Tenofovir jẹ́ hóró kan lójúmọ́, kò sì gbọdọ̀ já. Òun ló ń de kòkòrò hepatitis B mọ́lẹ̀. Tí ẹ bá dá a dúró nítorí pé ara ti yá, kòkòrò náà lè fi ìbínú dìde, ẹ̀dọ̀ yẹn kò sì ní ibi tó máa fi gbà á. Kí wọ́n máa ṣe sikáànù ẹ̀dọ̀ ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà.

Ìwọ, ẹ̀gbọ́n rẹ, àwọn ọmọ rẹ, gbogbo yín ni kẹ́ ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò hepatitis B. Jíjẹun nínú abọ́ kan náà, dídì mọ́ra, fífọ aṣọ wọn, kò ràn án. Ẹ̀jẹ̀ ló ń ràn án, àti ìbálòpọ̀, àti ìyá sí ọmọ nígbà ìbí: abẹ tí gbogbo ilé fi ń fá irun, abẹ tí wọ́n fi sín gbẹ́rẹ́ fún gbogbo ẹbí lọ́jọ́ kan. Kòkòrò yìí lè wà láàyè lára irin fún ọjọ́ méje. Ẹni tí kò bá ní in, kó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́ta, èkejì lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀kẹta ní oṣù kẹfà. Nàìjíríà ti fi í sára abẹ́rẹ́ ọmọdé láti 2004, nítorí náà wo káàdì àwọn ọmọ rẹ. Tó o bá ń da póò, fi ọ̀rá wọ ọwọ́, kó o sì fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.

Ìwé kékeré tí mo sọ yẹn, iṣẹ́ kan ṣì kù fún un. Ní alẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí bàbá kọ orúkọ wọn àti déètì sí i kí wọ́n tó mu ògì. Bí orúkọ náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, tí lẹ́tà ń gun ara wọn, tí ìlà rẹ̀ ń ṣubú, ọpọlọ ń sọ ọ́ fún ẹ ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú kí wọ́n tó tún bu iyọ̀ sí tíì. Ra ìwé náà bẹ́ ẹ ṣe ń lọ sí ọsibítù báyìí. Ní ojú ewé àkọ́kọ́, ìwọ ni kó o kọ ọjọ́ tí lactulose dúró àti ọjọ́ tó tún bẹ̀rẹ̀. Fi ojú ewé kejì sílẹ̀ fún àwọn fúnra wọn, fún ọjọ́ tí wọ́n bá tún lè di bírò mú.